Ìbùwò ni kí a máa pè é

Ẹnikẹ́ni tó bá tún kọ "àpẹẹrẹ àwọn olùdáhùn" síwájú mi, èmi àti onítọ̀hún ni. Ó ti sú mi. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwádìí tí mò ń wí: èyí tí wọ́n fi ń bi aráàlú bóyá wọ́n fọkàn tán ọlọ́pàá, tàbí tí wọ́n fi ń bi akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé ń gbà lọ. A kò lè bi gbogbo wọn. Díẹ̀ la ó mú, tí a ó fi ìdáhùn díẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ìyókù. Díẹ̀ yẹn ni Òyìnbó ń pè ní sáńpù. Ìbùwò ni mo pè é ní tèmi.

Ẹ wo bó ṣe wá. Dán an wò, a rí ìdánwò. Tọ́ ọ wò, a rí ìtọ́wò. Bù ú wò, kí ló wá dé tí a kò fi ní rí ìbùwò? Bíbù wà nínú rẹ̀: nǹkan pọ̀, díẹ̀ la mú. Wíwò wà nínú rẹ̀: a kò bù ú láti jẹ. "Àpẹẹrẹ" kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Àpẹẹrẹ ni èyí tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó kó tó fún ọmọ ní iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí a bá pè ní àpẹẹrẹ láwùjọ, ìwà rẹ̀ la ní kí àwọn ọmọ máa wò kọ́. Ọlọ́kadà tó dáhùn pé òun kò fọkàn tán ọlọ́pàá rárá, ta ló ní kó wá ṣe àpẹẹrẹ?

Mi ò bá "sáńpù" fúnra rẹ̀ jà tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé àwọn aláṣọ ti gbà á. Etí aṣọ pélébé tí wọ́n gé fún ọ pé kó o lọ fi han ìyàwó ni sáńpù, ìgàn aṣọ sì rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ènìyàn kì í ṣe ìgàn aṣọ.

"Àṣàyàn" ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò kò jẹ́ fi í sílẹ̀. Àṣàyàn! Ohun tí a fi ojú ṣà, tí a fọwọ́ yàn! Ohun tó ń ba irú ìwádìí yìí jẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ìbùwò tèmi kò dára, pé bí àmì ohùn bá já, ènìyàn yóò kà á sí ìbúwò: kí a bú ọlọ́pàá wò, ká mọ̀ bóyá yóò gbé wa. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, ní Oǹdó tàbí ní Iléṣà. Àpò ti dúró, wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá mọ ohun tó dà sí ìsàlẹ̀. Èyí tó gbẹ dáadáa, òkè ló wà. Gíréèdà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó rà á, kò bá a jiyàn. Irin ṣóńṣó tó ní ihò nínú ló mú, ó fi gún àpò lókè, ó gún un nídìí, ó gún un ní ìhà, hóró díẹ̀díẹ̀ ń bá irin jáde. Ó dà wọ́n pọ̀, ó ka 300, ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wo èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. 300 yẹn ló fi dájọ́ ẹrù.

Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn. Àwọn tó dáhùn lé ní mílíọ̀nù 2, wọ́n sì ní Landon ni yóò di ààrẹ. Ìpínlẹ̀ 2 péré ni Landon mú nínú 48. Roosevelt tí wọ́n jọ ń du ipò náà kó ìyókù. Inú ìwé orúkọ àwọn onítẹlifóònù àti onímọ́tò ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú orúkọ wọn, lásìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá oúnjẹ. Òkè àpò ni wọ́n ń gún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi "oníkèké" kún un: ìbùwò oníkèké. Kèké ni kó mú ẹni tí a ó bi, kí ọwọ́ olùwádìí kúrò níbẹ̀. "Ìbò" ìbá dára ju kèké lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú nìyẹn lọ́wọ́ babaláwo, ṣùgbọ́n olóṣèlú ti gbà á lọ. (Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣẹ́ kèké náà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Àwọn Afrobarometer, tó ń wádìí èrò aráàlú káàkiri Áfíríkà, bi àgbàlagbà 1,600 ní Nàìjíríà ní 2022. Ènìyàn 8 ni wọ́n ń bi ní àdúgbò kan: bí wọ́n bá bi ọkùnrin tán, obìnrin ló kàn. Báwo lo ṣe fọkàn tán ọlọ́pàá tó: rárá, díẹ̀, dé àyè kan, tàbí gan-an? Ẹni tó ní 1,600 kéré fún ìlú ńlá bí tiwa, kó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣejáde. Gbogbo wọn ló mọ ìṣirò Taro Yamane, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye ẹni tí wọ́n máa bi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 30,000, ó ní kí o bi 395. Bí ènìyàn bá jẹ́ mílíọ̀nù 200, 400 ló máa sọ! Ìyẹn bí o bá gbà kí àṣìṣe tó 5 nínú 100. Bí o bá fẹ́ kó dín sí ìdajì, wàá bù ní ìlọ́po mẹ́rin, 1,600 sì dé.

Ìṣirò kì í ṣe ìṣòro àwọn ọmọ wa. Wọn yóò ṣírò 395 láìṣì, wọn yóò sì lọ pín gbogbo rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, fún àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ ṣàwámà. Wọn yóò wá kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń fi owó jẹun ju kí wọ́n fi ra ìwé lọ. Ẹni tó ń ti ilé wá ńkọ́? Ẹni tó ń ta ọjà láàárọ̀ kó tó lọ sí kíláàsì ńkọ́?

Ọmọ kan tó ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó ń wádìí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń náwó àti orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe owó. Ó gba orúkọ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ó gé bébà wẹ́wẹ́, ó ṣẹ́ kèké lóòótọ́, ó sì kọ "ìbùwò oníkèké" sí orí kẹta. Olùkọ́ rẹ̀ fi bíírò pupa fagi lé e, ó kọ "àṣàyàn" sórí rẹ̀.