Bí Rélùwéè Ṣe Sọ Dùgbẹ̀ Di Ojú Ọjà Ìbàdàn

Ìbéèrè: Yíká Ọjà'ba àti Máàpó ni Ìbàdàn àtijọ́ ti gbilẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé Dùgbẹ̀ àti Gbági ni báńkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí?

Ìdáhùn: Rélùwéè ló fà á. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin kì í gun òkè gíga, agboolé tó ṣù mọ́ra yí Ọjà'ba ká kò sì fi àyè sílẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, níbi tí Dùgbẹ̀ àti Gbági wà, ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sí.

Ṣáájú ìgbà náà, orí ènìyàn ni ẹrù ń gbé dé etí omi: aláàárù á ru epo àti ekuro gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o lọ sí Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ibi tó ń dúró sí ni ẹrù ń wọ́ lọ. Àwọn òyìnbó oníṣòwò gba ilẹ̀ ní Gbági, kí aláàárù má baà rìn jìnnà láti ibi ìwọ̀n dé ẹnu ọkọ̀. Báńkì tẹ̀lé wọn nítorí owó kòkó, akọ̀wé tẹ̀lé báńkì, olóúnjẹ sì pàtẹ síbi tí akọ̀wé wà. Ní 1916 ni wọ́n dá àdúgbò Sábó sílẹ̀ fún àwọn Hausa tó ń ra obì lọ sí òkè Ọya.

Ìbéèrè: Ibi tí ojú irin kò gbà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọjà Ẹ̀jìnrìn rọ díẹ̀díẹ̀, títì mọ́tò ló sì parí rẹ̀. Iléṣà kò rí ojú irin rárá. Òṣogbo rí i ní 1907, ó sì di dandan fún Ìjẹ̀ṣà láti máa kó irè oko rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Mọ́tò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè tipẹ́. Kí ló dé tí Dùgbẹ̀ kò tú ká?

Ìdáhùn: Ibi tí ọjà ti wà ni wọ́n la títì mọ́tò lọ, nítorí náà mọ́tò tún fún Dùgbẹ̀ lágbára sí i ni. Ẹni tó sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kì í béèrè bóyá ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá. Ibi tí oníbàárà wà ló ń wò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó, alájà 26, sí Dùgbẹ̀ ní 1965, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ Máàpó.

Ìbéèrè: Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 dé Mọ́níyà. Ṣé ìlú yóò tún ṣí lọ síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ní tèmi, èrò ọkọ̀ nìkan kò lè ṣe é. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́níyà, mọ́tò ló ń wọ̀ wá sí ìgboro lójú ẹsẹ̀, kò sì ná kọ́bọ̀ síbẹ̀ bí kò ṣe owó ọkọ̀. Ẹrù ló sọ Dùgbẹ̀ di ọjà: àfi tí àwọn oníṣòwò bá kọ́ ilé ìkẹ́rù sí Mọ́níyà, tí kọ̀ǹtẹ́nà láti Àpápá sì ń já síbẹ̀ déédéé, ni àwọn báńkì yóò tó ní ohun tí wọ́n ń wá lọ.