Ibi tí "ID ẹ ńkọ́?" ti wọ ọ̀rọ̀ sìgá ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ní kántà rí ní London, ẹ mọ̀ ọ́n: bọ̀dá onírùngbọ̀n wọlé, ó ní kẹ́ ẹ fún òun ní páálí sìgá kan, ẹ ní ID ẹ ńkọ́, ló bá fa ojú ro, ṣé òun jọ ọmọdé ni? Ọ̀rọ̀ "jọ" yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o.

Òfin Children Act ti ọdún 1908 ló kọ́kọ́ dá sí i. Ẹ̀rọ ti ń wé sìgá nígbà yẹn, igi sìgá Woodbine márùn-ún ò ju pẹ́nì kan lọ, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké sì ń fà á káàkiri títì. Ogun Boer tí wọ́n jà ní South Africa wá jẹ́ kí ìjọba rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe sójà ni ara wọn ò gbé e, ni ariwo bá sọ, sìgá sì jẹ nínú ẹ̀bi ẹ̀.

Òfin yẹn ní kí wọ́n má ta sìgá fún ẹni tó bá JỌ ẹni tí ò tíì pé ọdún 16. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, ojú ẹni tó ń tà ló máa díwọ̀n ẹ̀, tó bá sì ta á, fáìnì àkọ́kọ́ lè tó pọ́n-ùn 2, ẹlẹ́ẹ̀kejì 5, lẹ́yìn ìyẹn 10. Wọ́n tún ní ì báà jẹ́ pé wọ́n rán ọmọ náà ni, kò sí títà (àwa tí wọ́n máa ń rán lọ ra igi sìgá méjì lọ́dọ̀ ìyá aláàtẹ, ìyá yẹn ì bá ti san fáìnì ṣá ni). Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọlọ́pàá àti ẹni tó ń ṣọ́ páàkì lè gba sìgá lọ́wọ́ ọmọ tó bá ń fà á ní títì, wọ́n lè tú àpò ọmọkùnrin wò, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ tú ti ọmọbìnrin.

Òfin àwọn ọmọdé ti 1933 náà ò yọ "jọ" kúrò. Ìwé wo ni wọn ì bá tiẹ̀ bèèrè? Káàdì ìdánimọ̀ ìgbà ogun, wọ́n ti pa á rẹ́ ní 1952, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ wọn ò sì ní fọ́tò títí di 1998, lẹ́yìn ọdún 2000 ni àmì PASS tó ń fi káàdì ọjọ́ orí gidi hàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Nígbà tí wọ́n fi máa sún ọjọ́ orí náà sí ọdún 18, ní October 1, 2007, "jọ" ti kúrò nínú òfin, ẹni tó bá tà fọ́mọdé ló máa fi hàn pé gbogbo ohun tó yẹ lòun ṣe. Ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí àwọn onísọ́ọ̀bù máa lo Challenge 21, ìlànà tí wọ́n ti ń lò fún ọtí tẹ́lẹ̀, tó wá di Challenge 25: tójú bá lè ṣì, ẹ fi ọdún 7 lé e, ẹni tó bá ti jọ ẹni tí ò tó 25, kó mú ìwé wá. Scotland sọ ọ́ dòfin ní 2017. (Nílé náà òfin 2015 ti ní 18, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n má ta á ní igi kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹ lọ wo ìdí àtẹ.)

Ní October 2023 ni Rishi Sunak, olórí ìjọba ìgbà yẹn, wá dá a lábàá pé ẹni tí wọ́n bá bí láti January 1, 2009, kí wọ́n má tà fún un láéláé. Ẹ wò ó, bó bá di 2050, ẹni ọdún 41 àtẹni ọdún 42 á jọ dúró ní kántà, wọ́n á ta fún ọ̀kan, wọn ò ní ta fún ìkejì, ojú wo ló fẹ́ díwọ̀n ìyẹn?