Ìdáhùn tí ìjọba fi ń máàkì ìdánwò bá kùnà, ṣé adájọ́ lè tún un ṣe?

Ìbéèrè: Kí ló ń gbé àwọn tó ń wáṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà dé ilé ẹjọ́ lórí ìdánwò?

Ìdáhùn: Ìdánwò mú-kan-nínú-mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ìgbìmọ̀ aṣèdánwò á gbé àwọn ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ fi máàkì síta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan mú B, ìgbìmọ̀ ní D ni, ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé sì ní B. Máàkì kan péré lè mú iṣẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Bó bá ko ìwé náà lọ síwájú adájọ́, ṣé ó ti borí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe Yunifásítì Kanpur lẹ́jọ́ lórí ìdánwò ìwọlé fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ lọ́dún 1983 pé ká kọ́kọ́ gbà pé ìdáhùn aṣèdánwò tọ̀nà, àfi bí àṣìṣe rẹ̀ bá hàn kedere láìgba àríyànjiyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn borí, torí ìwé tí gbogbo wọn ń kà ló ta ko ìdáhùn yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní 2017, lórí ìdánwò àwọn olùkọ́ ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh tí wọ́n ti polówó iṣẹ́ rẹ̀ láti 2009, ilé ẹjọ́ kan náà ní bí iyèméjì bá wà, ti aṣèdánwò ni ká ṣe. Lóòótọ́, adájọ́ kì í ṣe onímọ̀ gbogbo iṣẹ́, ẹjọ́ tí kò tán sì ń dá gbogbo èèyàn dúró. Síbẹ̀ ó dùn mí. Ẹni tó gbé ìbéèrè onírúdurùdu kalẹ̀ ló yẹ kó ru ẹrù rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ti gba àwọn kan síṣẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Bihar, nínú ìdánwò àwọn ẹnjiníà kékeré. Àwọn onímọ̀ yẹ ìdáhùn ìgbìmọ̀ wò: nínú 100, 41 ni kò tọ̀nà! Lọ́dún 2013, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ máàkì. Ilé ẹjọ́ ní àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ fún nǹkan bí ọdún méje kò jí ìdánwò wò, wọn kò purọ́, nítorí náà kí wọ́n má lé wọn. Ẹni tí máàkì tuntun bá já kulẹ̀ nínú wọn á bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú orúkọ àwọn tí wọ́n gbà. Àwọn tí wọn ò gbà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá pẹjọ́, bí wọ́n bá yege, wọ́n á kà á sí pé ọjọ́ kan náà ni àwọn àti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà jọ wọṣẹ́, àmọ́ wọn ò ní gba owó oṣù ẹ̀yìn kankan.