Bíréèkì tí kò mú àti bíréèkì tó ń tètè jẹ lára ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù

Bíréèkì tí kò mú àti bíréèkì tó ń tètè jẹ jẹ́ àbùkù méjì tó sábà máa ń bá ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ̀yìn gbalasa fún ẹrù. A máa ń sọ pé bíréèkì kò mú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ tí ọkọ̀ kò sì dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ó ń tètè jẹ nígbà tí páàdì tàbí láínìnì, ìyẹn ohun tó ń fún mọ́ irin kí ọkọ̀ lè dúró, bá tán ṣáájú àsìkò. Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ń di iṣẹ́ rẹ̀ ru ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Lára píkọ́ọ̀pù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ìṣòro yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páàdì iwájú ni awakọ̀ máa ń rí pé ó ń tán.

Òṣogbo, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ọdún 1991, ni ọ̀pọ̀ ẹrù oko láti àwọn ìlú tó yí i ká ń wọ̀ sí. Píkọ́ọ̀pù wà lára ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti pákó wọ̀lú, tó sì ń kó sìmẹ́ńtì padà. Ọ̀nà Ìràgbìjí, àti ọ̀nà tó gba Ìbòkun lọ sí Ẹ̀sà-Òkè àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń mú bíréèkì gbóná. Nínú ìgboro, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá àti Òkè-Fìà ń mú kí awakọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko nígbà òjò àti eruku nígbà ọyẹ́ tún ń dá kún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, búsítà á fi kún agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, másítà á sì ti ọ́ìlì bíréèkì gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, dísíìkì (irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà) ló wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù (irin tó rí bí ìlù) ló wà lẹ́yìn. Písítìnì inú kálípà (ilé irin tó gba orí dísíìkì) á fi páàdì méjì há dísíìkì láàárín. Ní ẹ̀yìn, sílíńdà kékeré á ti láínìnì méjì síta kí wọ́n lè fún mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù láti inú.

Agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré kì í pòórá nígbà tó bá dúró. Ooru ló ń dà. Píkọ́ọ̀pù tó wọn 1,900 kg lófìfo, tí wọ́n di ẹrù 1,000 kg lé, á sọ nǹkan bíi 180 kílójúù (ìwọ̀n agbára) di ooru tó bá dúró láti orí eré 40 km ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ 80 km ni, ooru náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 720 kílójúù. Eré di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí páàdì tó ń pẹ́ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fi lè tètè tán lára ọkọ̀ ẹrù, àní bí ohunkóhun kò bá tiẹ̀ bàjẹ́.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti fáàfù ìwọn ẹrù

Nígbà tí píkọ́ọ̀pù bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Bí ọ́ìlì bá lọ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kan náà tó ń lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn á há, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ yí wá síwájú, pàápàá lórí ọ̀nà tí òjò ti rin. Nígbà tí ẹrù bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ tó pọ̀ sí i. Ohun tó ń bójú tó ìyàtọ̀ yìí lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ni fáàfù ìwọn ẹrù, tí ìwé ọkọ̀ ń pè ní LSPV. Ara férémù (egungun irin ọkọ̀) ni wọ́n dè é mọ́, lókè ásúlù ẹ̀yìn (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀). Apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ ásúlù. Bí ẹrù bá tẹ férémù wálẹ̀, àlàfo tó wà láàárín férémù àti ásúlù á dín kù, apá náà á ti fáàfù, ọ́ìlì á sì ráyè lọ sẹ́yìn dáadáa.

Nínú gbogbo ẹ̀yà bíréèkì, bóyá ni èyí tí wọ́n ń gbàgbé tó o wà. Lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà oko, ẹrẹ̀ pupa tó ti gbẹ máa ń bo apá irin náà bí ẹ̀wù. Rọ́bà oríkèé rẹ̀ á ti sán tàbí kó ti jábọ́, oríkèé fúnra rẹ̀ á sì ti dípẹtà débi pé ọwọ́ kò ní lè mì ín. Lára ọkọ̀ mìíràn, wáyà ni wọ́n fi dè é sókè, nítorí pé ẹni tó tún sípíríǹgì ṣe tú u, kò sì dá a padà. Fáàfù tó bá há sí ipò ọkọ̀ òfìfo kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe ju ìwọ̀nba lọ, bí ẹrù ti wù kó wúwo tó. Páàdì iwájú ló máa jìyà rẹ̀. Èèyàn lè máa pààrọ̀ páàdì yìí léraléra láìmọ̀ pé ẹ̀yìn ni àrùn wà.

Àfikún irin sípíríǹgì máa ń dá wàhálà kan náà sílẹ̀ láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Àwọn tó ń kó ẹrù wúwo sábà máa ń fi irin kan tàbí méjì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má bàa rì. Ọkọ̀ kò ní rì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rírì yẹn gan-an ni fáàfù fi ń mọ̀ pé ẹrù ti dé. Bí férémù bá dúró sókè gangan pẹ̀lú ẹrù 1,000 kg lórí, fáàfù á máa ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ṣófo. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tún gígùn apá irin náà tò bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ. Ọ̀nà tó péye jù ni fífi géèjì méjì wọn agbára ọ́ìlì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ tú apá náà fún ìdí kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ibi tó dúró sí, kí wọ́n sì fi ọ̀dà sàmì sí i.

Àyẹ̀wò fáàfù kò gba owó. Kí èèyàn fọ ẹrẹ̀ kúrò, kó fi ọwọ́ ti apá irin náà: ó gbọ́dọ̀ lọ, kó sì padà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láti òkèèrè yẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Iwájú máa ń gbóná ju ẹ̀yìn lọ, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá gbóná janjan tí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sì tutù bí ìgbà tí ọkọ̀ wà nílé, ẹ̀yìn kò ṣiṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá gbóná ju èkejì rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ yẹn ló há.

Ohun kejì tó ń mú kí ẹ̀yìn ya ọ̀lẹ ni àlàfo láàárín láínìnì àti dúrọ́ọ̀mù. Bí láínìnì ṣe ń jẹ, àgbá kékeré tó ní eyín yípo ló yẹ kó máa sún un síta, ṣùgbọ́n eruku àti ìpẹtà máa ń mú un há. Pẹ́dàlì á wá máa lọ sísàlẹ̀ kó tó mú. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá gòkè tó sì le, àlàfo ló pọ̀ jù. Bó bá ń rọ̀ bíi kànrìnkàn, afẹ́fẹ́ wà nínú ọ́ìlì.

Láti tún un tò, kí wọ́n fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú, kí wọ́n tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ásúlù ẹ̀yìn sórí ìdúró irin tó lágbára, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ tí rọ́bà dí. Wọ́n á yọ rọ́bà náà, wọ́n á fi sikurudíráfà pẹlẹbẹ yí àgbá eléyín náà títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò fi ní yí mọ́, wọ́n á wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi yí tí láínìnì sì ń rọra ha ara dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń tún okùn bíréèkì ọwọ́ fà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa okùn, láínìnì kò ní lè padà sí àyè rẹ̀, gbogbo ìtò náà á sì di òfo.

Dúrọ́ọ̀mù tó kọ̀ láti jáde kò nílò òòlù ńlá. Lójú dúrọ́ọ̀mù Toyota àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, ihò méjì wà tí bóòtù 8 mm ń wọ̀. Bí wọ́n bá ń di méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba, dúrọ́ọ̀mù á ti ara rẹ̀ síta. Bí láínìnì bá ku 1 mm sí 1.5 mm, ó ti tó pààrọ̀. Bí ọ́ìlì bá sì ti rin ín, kò sí fífọ̀ tàbí fífi iná yan tó lè gbà á là. Ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ibi tí ọ́ìlì ti wá. Èyí tó nípọn tó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ọ́ìlì ásúlù ni, rọ́bà ìdí ásúlù ló ti jẹ. Èyí tó ṣàn bí omi jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì, láti ara sílíńdà kékeré.

Ẹsẹ̀ iwájú

Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó 10 sí 12 mm láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ku 3 mm, àsìkò ti tó. Ọ̀nà tí páàdì gbà jẹ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí páàdì inú bá tán tí tìta ṣì nípọn, pín-ìnì tí kálípà fi ń rìn ti gbẹ tàbí ó ti dípẹtà. Bí méjèèjì bá jẹ tán lẹ́sẹ̀ kan, tí ẹsẹ̀ kejì sì wà dáadáa, písítìnì ló há, tàbí kí rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wọ kálípà ti wú nínú: ọ́ìlì á wọlé nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kò sì ní rí ọ̀nà padà. Lóde, rọ́bà náà lè máa dán bíi tuntun. Láti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tú nípù kálípà (ẹnu kékeré tí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde) nígbà tí ẹsẹ̀ bá há. Bí ẹsẹ̀ bá tú lọ́gán, rọ́bà tàbí ohun tó wà lókè rẹ̀ ni. Bí kò bá tú, kálípà ni.

Gíríìsì bíréèkì nìkan ló yẹ pín-ìnì kálípà. Gíríìsì lásán tí wọ́n ń fi sí bíárìnì máa ń mú rọ́bà wú.

Dísíìkì tó ń mú kí pẹ́dàlì gbọ̀n lè ṣeé fá lórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè fá a, iṣẹ́ tí kò ṣàjèjì sí Òṣogbo, ìlú tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Machine Tools wà. Àmọ́ wọ́n ti tẹ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù sí ara dísíìkì, bí wọ́n ṣe tẹ ìwọ̀n tí dúrọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù sí ara tiẹ̀. Dísíìkì tó bá kọjá ìwọ̀n yìí kò lè gba ooru mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dísíìkì ń yọ wíwọ́ nítorí pé fọkanáísà di náàtì táyà kan le ju òmíràn lọ. Ìdì alágbèélébùú, tí náàtì kan ń tẹ̀lé èyí tó kọjú sí i, ló yẹ.

Ọ́ìlì bíréèkì

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà sì ń mú kó tètè hó. DOT 3 tuntun, ọ̀kan lára irú ọ́ìlì bíréèkì tó wà, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti dé 3.7% nínú rẹ̀, ìwọ̀n náà lè já sí 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Ọ́ìlì tó bá hó di afẹ́fẹ́, pẹ́dàlì á sì lọ sísàlẹ̀ láìmú nǹkan kan, pàápàá ní ìdí òkè tó gùn. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀; lítà kan sábà máa ń tó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà tàbí ti sítíárìnì kò gbọdọ̀ kan inú másítà, nítorí gbogbo rọ́bà ibẹ̀ ló máa wú.

Láti fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Lára àwọn kan, fáàfù ìwọn ẹrù náà ní nípù tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fò nígbà púpọ̀. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, èkejì á tú nípù, á sì dì í kí ti àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀. Ọ́ìlì inú ìkòkò másítà kò gbọdọ̀ tán lágbede méjì.

Búsítà àti másítà

Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tẹ pẹ́dàlì bí ìgbà márùn-ún, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì ṣáná sí ọkọ̀. Pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ rì díẹ̀. Bí kò bá rì, búsítà tàbí rọ́bà rẹ̀ ti jò. Lára ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́. Pẹ́dàlì tó bá ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀ láìsí ibi tó ń jò, másítà ló ń jò nínú ara rẹ̀.

Yíyan páàdì àti lílò rẹ̀

Lára ọ̀pọ̀ páàdì, lẹ́tà méjì wà létí rẹ̀, bíi EE, FF tàbí GG. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó bá tutù, ti ìkejì nígbà tó bá gbóná: E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. Bí iye yìí bá ṣe ga tó ni páàdì ń mú tó. Fún píkọ́ọ̀pù tó ń ru ẹrù, FF ló kéré jù tó bọ́gbọ́n mu. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, páálí tó rẹwà kò sì fi nǹkan kan hàn. Ojú páàdì tó ń bó, tàbí tí kò lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀, kò ṣeé fi sí ọkọ̀.

Páàdì tuntun nílò ìmúmọ́ra: kí wọ́n sáré dé 60 km ní wákàtí kan, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ títí eré á fi já sí 20 km ní wákàtí kan, bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí wọ́n máa fún un ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú láàárín láti tutù. Eruku inú dúrọ́ọ̀mù kò ṣeé fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́, nítorí pé láínìnì àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni wọ́n ń fi fọ̀ ọ́.

Ìwakọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Àṣà fífi ọkọ̀ sí nútírà nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, kí epo má bàa tán, ń di gbogbo iṣẹ́ ru bíréèkì. Jíà kejì tàbí ìkẹta, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá a dì í mú. Títẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ sàn ju fífi ẹsẹ̀ lé e pẹ́ lọ. Bí òórùn jíjó bá ti ń jáde, kí wọ́n dúró kó tutù, láìda omi sí dísíìkì, nítorí ó lè sán.

Ọkọ̀ tó ní ABS

ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, kì í mú páàdì pẹ́, kì í sì í wo láínìnì tó jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù sàn. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó lè gba kọ̀ǹpútà láti fà á jáde.