Ìdí Tí Yàrá Fi Ń Gbóná Bí AC Tilẹ̀ Tàn Lásìkò

Ní Lugbe tàbí Kubwa, l'Ábújá, lóṣù Kẹta, kò sẹ́ni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó fẹ́ máa dúró de AC. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ra ẹ̀rọ kékeré tó ń pàṣẹ fún AC bíi rìmóòtù, tí wọ́n ń fi fóònù ṣètò rẹ̀: kó tan AC ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó mú yàrá wá sí 24°C, kó sì pa á ní ìdájí. Mẹ́sàn-án á lù, AC á tàn. Síbẹ̀ mẹ́wàá á kọjá, ọmọ tó sùn á ṣì máa làágùn. Oní-AC tí wọ́n bá pè á ní gáàsì ló ti lọ.

Kí wọ́n tó sanwó gáàsì, kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri.

Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni kí wọ́n fọwọ́ kàn, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Oòrùn ti wọ̀, àmọ́ ògiri ṣì ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ẹni tó ń dín àkàrà mọ̀ pé bí wọ́n bá fa igi kúrò lábẹ́ agbada, epo kì í tutù lọ́gán. Bí búlọ́ọ̀kù náà ṣe rí nìyẹn. Láti ọ̀sán ni oòrùn ti ń yan án lóde, ooru náà sì ń rọra rìn wọlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbà tí èèyàn fẹ́ sùn gan-an ló ń dé inú yàrá.

Ẹ wo yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wọn nǹkan bíi kílò 45, ìyẹn bí ìwúwo búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án méjì péré. Búlọ́ọ̀kù tó yí i ká lé ní 300. Kílò kan afẹ́fẹ́ àti kílò kan búlọ́ọ̀kù ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ooru tí wọ́n lè gbé. AC lè mú afẹ́fẹ́ yẹn tutù kíá, kó rí 24, kó dẹwọ́. Kò ní pẹ́ tí ògiri á tún fi ooru tirẹ̀ kún un. Kódà bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ara ṣì ń gba ooru ògiri tààrà, bí ẹni tó jókòó ti ààrò.

Jámánì àti Kòríà ní irú ìṣòro yìí ní òdìkejì. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ló ní páìpù omi gbígbóná lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì lè gba wákàtí mélòó kan kó tó móoru. Àwọn ẹ̀rọ ìṣàkóso ooru olóye kan máa ń kíyè sí bó ṣe ń pẹ́ tó, wọ́n á sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó kàn ń ṣe iṣẹ́ rìmóòtù kò mọ ohunkóhun nípa ògiri. Onílé ni kó bá a rò ó. Kí AC tàn ní 7:30 sí 26°C, kó wá sọ̀ kalẹ̀ sí 24 ní mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá yàn 16 nítorí pé ó ń kánjú, lórí AC tí kì í ṣe inverter (irú èyí tó lè dín agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ kù tàbí kó fi kún un), kò yára fún un rárá. Compressor, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì inú AC kiri, kò kàn ní sinmi ni.

Àmọ́ nígbà mìíràn, aago gan-an ló jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó wà ní London ló ra ẹ̀rọ náà, tó sì ti ṣètò rẹ̀ lọ́hùn-ún kó tó fi ránṣẹ́, aago ibẹ̀ lè ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago London àti ti Nàìjíríà dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa fura. Bí àwọn ará London bá ti dá aago tiwọn padà sẹ́yìn, AC tí wọ́n ní kó tàn ní mẹ́sàn-án ní Gwarinpa á di mẹ́wàá kó tó tàn. Africa/Lagos ni kí wọ́n yàn nínú app. Abuja kì í sábà sí lára orúkọ tó wà níbẹ̀.

Iná náà ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá lọ ní 8:40 tó sì dé ní 9:05, àṣẹ mẹ́sàn-án ti ṣòfò, torí Wi-Fi àti ẹ̀rọ náà ti kú. Kí wọ́n tún àṣẹ náà kọ sí 9:20 àti 9:40, bí kò bá ṣe AC tí bọ́tìnnì kan náà ń tàn tó tún ń pa. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, afẹ́fẹ́ lásán ni AC á máa fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò bàjẹ́: ó ń dáàbò bo compressor ni. Stabilizer lè fi ìdúró tirẹ̀ kún un.

Bí ẹ̀rọ náà bá ń wọn ooru yàrá, kí wọ́n wo ibi tó wà pẹ̀lú. Lórí dikódà, ooru dikódà ló máa kà. Lójú atẹ́gùn AC, á rò pé yàrá ti tutù tán.

Tí gbogbo èyí bá tọ́, kí wọ́n wò ó fún alẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 15 sún àkókò síwájú tàbí sẹ́yìn. Nígbà òjò, lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn látàárọ̀, ògiri kan náà lè ti tutù ní mẹ́jọ alẹ́. Kí AC tàn ní 8:30 á tó.