Ìtọ́kasí: Ohun Kan Náà, Aṣọ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Iṣẹ́ ìtọ́kasí ni kí òǹkàwé mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kó sì lè lọ wò ó fúnra rẹ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, orúkọ jọ́nà, ìdìpọ̀ àti ojú ìwé ti tó fún un. Bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n ni kò dọ́gba.

Ìlànà APA, tí àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929, máa ń fi ọdún sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ òǹkọ̀wé. MLA, tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀, fi ọdún sẹ́yìn ìdìpọ̀ jọ́nà. Vancouver, tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn pilẹ̀ rẹ̀ ní Kánádà lọ́dún 1978, nọ́ńbà ló ń lò nínú ọ̀rọ̀ dípò orúkọ òǹkọ̀wé. Ìlànà tó wà nínú àká CSL, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìlànà ìtọ́kasí, tí Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ìtọ́kasí, ń lò, ti lé ní 10,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bí jọ́nà kan kò bá gba iṣẹ́ kan, òǹkọ̀wé á tún jókòó ti kọ́mà àti àkámọ́ kó tó fi ránṣẹ́ sí òmíràn. Àkókò yẹn ṣòfò, ìmọ̀ kò sì fi lé sí i. Èyí tó burú jù ni ohun tí ìlànà ń gé sọnù. APA sọ orúkọ àbísọ di lẹ́tà kan ṣoṣo. Vancouver náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ké orúkọ jọ́nà kúrú. Ẹni tó bá ní lẹ́tà kan lọ́wọ́ kò lè fi mọ odindi orúkọ. Àfi kó padà lọ wá ìwé náà. Òǹkọ̀wé méjì tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà sì lè dà bí ẹnì kan.

Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO 690, tó ti wà láti 1975, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2021. Ó sọ ohun tó yẹ kó wà nínú ìtọ́kasí, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé aṣọ tí a ó wọ̀ fún un. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìṣọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀: kí gbogbo jọ́nà gba ohun kan náà ní pípé, pẹ̀lú DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí ayélujára, tí kì í yí padà bí ìlànà bá yí. Kọ̀ǹpútà ni kó wá tò ó bí olóòtú bá ṣe fẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ náà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ti ń gba irú èyí.

Àwọn ìwé àfọwọ́kọ inú àká àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í sábà ní DOI. Fún wọn, àkọsílẹ̀ tó pé nìkan ni ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè fi dé ibẹ̀.