Eré tí kì í ní olúborí: bí Dungeons & Dragons ṣe dáyé

Bí àlejò bá bá èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí tábìlì lálẹ́ Sátidé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé: "Ta ló ń jẹ nínú yín?" A ó kàn máa wojú ara wa ni. Kò sẹ́ni tó ń jẹ. Ẹnì kan nínú wa ló ń ròyìn ohun tó wà níwájú: ihò tó ṣókùnkùn birimù, omi tó ń kán tó, tó, tó, nǹkan kan tó ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa yòókù ń sọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, a ó ju dáìsì kó dá ẹjọ́. Èmi ni jagunjagun, ọ̀rẹ́ mi kan ni oṣó, èkejì ni olè tí kì í rí àpótí kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbẹ̀ nígbà mìíràn, a ó ṣì máa jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé.

Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1974 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ìdí ọ̀rọ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí ogun ló sì ti wá.

Ní 1824, ọ̀dọ́ ọmọ ogun kan ní Prọ́ṣíà, tí apá kan ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Jámánì òde òní, tẹ òfin eré ogun kan jáde. Georg von Reiswitz lorúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ṣáájú. Wọ́n á tẹ́ máàpù, wọ́n á to àwọn ègé kéékèèké tó dúró fún ọmọ ogun sórí rẹ̀, dáìsì á sọ iye tó ṣubú. Adájọ́ kan wà láàárín ìhà méjèèjì, adájọ́ yìí sì ni kí ẹ má gbàgbé. Òun nìkan ló mọ ibi tí kálukú wà. Bí o bá fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ gba ẹ̀yìn òkè, òun lo máa kọ̀wé sí, ẹnu rẹ̀ lo sì ti máa gbọ́ bóyá wọ́n débẹ̀. Nígbà tó yá, irú eré bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun, ó di ohun tí àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fi ń najú lópin ọ̀sẹ̀, tàwọn ti ṣọ́jà kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ.

Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni David Wesely, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó lọ sí ibi ìkàwé Yunifásítì Minnesota, ó rí ìwé eré ogun kan níbẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ láti 1880. Ohun tó dì mú nínú rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá sọ sí ẹni tó ń ṣeré lọ́kàn ló lè dán wò, adájọ́ ni yóò sọ bó ṣe máa rí. Ní 1969, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ fún ogun kan láyé Napoleon, nítòsí ìlú Jámánì àfinúrò kan tó pè ní Braunstein. Àwọn tó wá pọ̀ ju ipò ọ̀gágun tó wà nílẹ̀ lọ. Kí wọ́n má baà jókòó lásán, ó fi ẹnì kan ṣe olórí ìlú, ó fi ẹnì kan ṣe onílé ìfowópamọ́, ó fi òmíràn ṣe ọ̀gá yunifásítì. Ète rẹ̀ ni láti máa pè wọ́n wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe ní kọ̀rọ̀, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Ogun kankan kò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa bá ẹni àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán, ilé ti dọjà. Kálukú ti ń dìmọ̀ pọ̀, wọ́n ń dalẹ̀ ara wọn, àwọn méjì tiẹ̀ ti pera wọn níjà, kò sì sí òfin ìjà ẹlẹ́ni-méjì kankan nínú ohun tó kọ. Ó ní láti gbé òfin náà kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wesely gbà pé òun ti ba eré náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í ni pé, ìgbà wo la tún máa ṣe é? Lójú tèmi, alẹ́ tó dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ yẹn ni wọ́n bí eré yìí, ohunkóhun tí àwọn tó jèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà ì báà wí.

Dave Arneson wà lára wọn. Nínú ọ̀kan nínú àwọn eré Wesely tó tẹ̀ lé e, ìlú kan tí ọlọ̀tẹ̀ àti sójà ti ń du ìjọba ni wọ́n wà, Arneson sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ ìjà, tó kàn fẹ́ pín ìwé ìléwọ́. Ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá pín ní máàkì tirẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe: ó ṣe ayédèrú káàdì CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, láti ilé wá, ó mú un jáde lágbo, ó fi yí gbogbo wọn lórí pé aṣọ́ni lòun. Ibi tó parí eré sí ni inú hẹlikọ́pítà lókè ìlú, tó ń da ìwé ìléwọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Kò yin ìbọn kan ṣoṣo.

Nígbà tí iṣẹ́ ológun gbé Wesely lọ, Arneson bọ́ sípò rẹ̀. Ní 1971, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilé àwọn òbí rẹ̀ ní St. Paul, wọ́n rò pé Napoleon náà ni. Àwòṣe ilé olódi kan ni wọ́n bá lórí tábìlì. Blackmoor ló pe ilẹ̀ náà, abẹ́ ilé olódi yẹn sì kún fún ihò àtàwọn ẹ̀dá abàmì. Láyé àtijọ́, bí ọmọ ogun rẹ bá kú lórí tábìlì, o kàn máa gbé òmíràn ni. Àmọ́ báyìí ẹni kan ṣoṣo ni ọ́, ìwọ lo fún un lórúkọ, ó ń dàgbà nínú iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Arneson ò fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kú nítorí ojú dáìsì kan péré. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ yá ìlànà kan nínú eré ogun ojú omi tó ti ṣe tẹ́lẹ̀: bí ọkọ̀ ogun onírin kì í ṣe é rì ní ìkọlù kan, kí èèyàn náà ní iye ìkọlù tó lè gbà kó tó ṣubú. Títí dòní, eré orí kọ̀ǹpútà mélòó ni kò ní in?

Ní Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni Gary Gygax ń gbé; iléeṣẹ́ adójútòfò kan ló ń bá ṣiṣẹ́ títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1970. Ó di ẹni tó ń tún bàtà ṣe nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀. Òun àti Jeff Perren ti kọ òfin eré ogun kan, Chainmail, tí wọ́n fi oṣó àti drágónì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Arneson sì ti mú lára rẹ̀ lò. Nígbà tí 1972 ń parí lọ, Arneson àti David Megarry wakọ̀ lọ bá a, wọ́n fi Blackmoor hàn án. Ọkàn Gygax kò balẹ̀ mọ́. Ó ya ihò abẹ́ ilé olódi tirẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ méjì, Ernie àti Elise, kí wọ́n wá wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ pa ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n rí àpótí kan tí 3,000 owó bàbà wà nínú rẹ̀. Ó wúwo ju ohun tí wọ́n lè gbé lọ! Inú bí wọn gan-an. Bí wọ́n ṣe sùn tán ni bàbá wọn fa ìwé yọ, ó ń ya àjà kejì.

Gygax ló kọ̀wé, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ogún ojú ìwé tí Arneson kó ránṣẹ́ sí i kò ju àkọsílẹ̀ kátikàti lọ. Òun ló sọ ọ́ di ohun tí àjèjì lè rà. Iléeṣẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ ni kò sí. Ní oṣù kẹwàá 1973, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, Don Kaye, dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Brian Blume sì gbé owó kún un. Ìdì 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí tó dà bí igi, dọ́là 10, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dì í. Ó tán láàárín nǹkan bí ọdún kan. Kaye kò rí ibi tí owó náà máa dé: àrùn ọkàn pa á ní oṣù kìíní 1975.

Ká sòótọ́, ìwé náà le láti lóye. Ọkùnrin kan ní ìlú Phoenix, Ken St. Andre, kà á, kò yé e, ó bínú kọ eré tirẹ̀ jáde ní 1975. Ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n ara wọn dí àlàfo tó wà nínú òfin náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé Gygax: àpò nǹkan ìṣeré oníke láti Hong Kong ló rà, kò sẹ́ni tó mọ ẹranko tí wọ́n ń ṣe, ó bá sọ wọ́n lórúkọ, ó ní ọ̀kan ń jẹ irin. Ẹ̀dá yẹn ṣì ń jẹ idà lọ́wọ́ àwọn èèyàn títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjà. Arneson pe Gygax àti iléeṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ ní 1979 nítorí orúkọ àti owó tirẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1981. Ní 1979 yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù ní Michigan, àwọn oníròyìn di ẹ̀bi ru eré náà, irọ́ sì ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn òmíràn sì ń pè é ní iṣẹ́ Èṣù. Ní 1985, wọ́n ti Gygax jáde nínú iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀. Ó dolóògbé ní 2008, Arneson tẹ̀ lé e ní 2009.

Ti dáìsì ni mi ò tíì sọ. Ìwé ìpolówó ohun èlò ilé-ìwé ni Gygax ti rí àwọn tó ní ojú 4, 8, 12 àti 20, tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́mọ ní ìṣirò. Ike rẹ̀ rọ̀. Èyí tó lójú 20 kò tiẹ̀ ju 0 sí 9 lọ, lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn á fi kréyọ́nù kun ìdajì kó lè mọ 3 yàtọ̀ sí 13. Bí wọ́n bá ti jù ú fún ọdún mélòó kan, igun rẹ̀ á jẹ tán, á wá rí roboto bí ọta. Á máa yí lọ, gbogbo ojú lẹ́yìn rẹ̀, yóò kúrò lórí tábìlì, yóò wọ abẹ́ àga, ẹnì kan á sì ní láti kúnlẹ̀ lọ wò ó níbẹ̀ bóyá oṣó wa kú.